Kí Apẹja Tó Ta Ọkọ̀ Sómi: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olórí Apẹja Etí Ọ̀sà àti Etí Òkun

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin olórí apẹja láti Àgbádárìgì dé Mákòókó, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ tó tẹ̀dó sétí òkun, mo kí yín o. Ẹ kú ewu omi, ẹ kú ewu òru. Ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Ẹja tí ẹ̀ ń kó bọ̀ láti odò ni ìyá mi ń yan lórí ààrò, owó rẹ̀ ló sì fi rán mi níléèwé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, àgbà ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ẹ sọ ọ́ di òfin èbúté pé apẹja kankan kò ní ta ọkọ̀ sómi láìkó ẹ̀wù ìdóòlà (life jacket, ẹ̀wù tó ń gbé ènìyàn léfòó) sọ́rùn, kó sì so okùn rẹ̀ pinpin. Mo ní kó wọ̀ ọ́. Èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó, tàbí èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí imú ọkọ̀, kò sí nínú ohun tí mò ń wí.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ ìwé yìí sí ìjọba. Òfin ìjọba wà. Òfin tó dá NIWA sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú omi inú ilẹ̀, ti wà láti 1997, ti LASWA, àjọ ojú omi ti ìpínlẹ̀ Èkó, sì ti wà láti 2008. Wọ́n ti ṣẹjọ́ lórí ẹni tó láṣẹ lórí omi, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá a ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2024 pé NIWA ló ni àkóso ojú omi inú ilẹ̀ wa. Ẹni yòówù kó ní àkóso, ohùn àjọ méjèèjì kan náà ni: kí èrò ọkọ̀ wọ ẹ̀wù ìdóòlà, kí ọkọ̀ má rìn lóru. Ó dára fún ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Èbúté Èrò láti lọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún apẹja pé kó má jáde lóru? Àwọ̀n tí ẹ dẹ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e kí ilẹ̀ tó mọ́, kí akàn má baà fi í ṣe oúnjẹ, kí ẹja má baà rọ̀ kó tó dé ọwọ́ àwọn ìyá wa lọ́jà. Òfin tó ní kí apẹja sùn lóru, bí ẹni ń sọ pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó ń bá apẹja sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe lè fi òru ṣiṣẹ́ kó sì padà wálé láàyè.

Nígbà tí ẹ bá ń ta ọkọ̀ sómi ní aago mẹ́ta òru, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ní èbúté. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ tó jáde, ẹ̀yin lẹ sì mọ èyí tí kò tíì dé. Bí ẹ bá sọ fún ọmọdékùnrin kan pé afẹ́fẹ́ òní kò dáa, kó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò so ó. Bí ẹ bá sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da Gamalín, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń pa ẹja, sódò, ẹni tó bá dà á mọ̀ pé òun yóò fojú ba ìjókòó àgbà. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Alausa tàbí ní Àbújá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ní 2022, FISH Safety Foundation, àjọ kan tó ń rí sí ààbò àwọn apẹja, ṣe ìwádìí kan tí àjọ Pew ti Amẹ́ríkà gbé jáde. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó ju 100,000 ènìyàn lọ tó ń bá iṣẹ́ ẹja pípa kú káàkiri ayé lọ́dọọdún. Iye tí ayé ti ń kà tẹ́lẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀. Òkú apẹja kékeré kì í sábà wọ ìwé ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa náà, bí ọkọ̀ èrò bá dojú dé, rédíò yóò sọ ọ́, gómìnà yóò kẹ́dùn. Bí ọkùnrin kan ṣoṣo bá wà nínú ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n wá rí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń léfòó lófìfo ní ọjọ́ kejì, ará ilé rẹ̀ ni yóò sunkún. A ó ní omi gbé e. A ó ṣètùtù, a ó sin ín bí a bá rí i, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Kò ní wọ inú ìṣirò kankan.

Níbi tí wọ́n ti ń kà á, ẹ wo ohun tí wọ́n rí. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 564 ló kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní 2023, àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja wà lára irú wọn. Mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló jẹ́ pé omi ló pa wọ́n. Bí a bá mú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn tí omi pa yìí, 87 ni kò wọ ẹ̀wù ìdóòlà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kò sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 21. Ọkọ̀ kékeré ni, lórí omi tí wọ́n mọ̀, ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jáde lọ gbádùn ara wọn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ ó ní àwa la bí omi, àwa lómi bí. Ọmọ yín ti ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ̀rìn dáadáa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba yín náà ló sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, wọn kò sì sọ ọ́ lásán. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kì í súnmọ́ ibi tó jìn. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ ló ń dá nìkan lọ sí ojú ọ̀gbun.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń ju àwọ̀n máa ń dìde dúró ní imú ọkọ̀, yóò yí ara, yóò ju ú. Okùn àwọ̀n náà wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, òun àti àwọ̀n ni wọ́n jọ ń lọ sísàlẹ̀, òjé ìdí àwọ̀n sì ń fà wọ́n. Ìlúwẹ̀ẹ́ wo lẹ fẹ́ kó lú nínú àwọ̀n? Tàbí ẹni tí orí rẹ̀ gbá etí ọkọ̀ bó ṣe ń ṣubú: kó tó mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti mumi. Tàbí ẹni tí ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọn ṣubú sómi, tí ọkọ̀ sì ń yí po lórí rẹ̀ pẹ̀lú abẹ ẹ́ńjìnì. Tàbí àgbàlagbà tí àyà rẹ̀ dédé dá dúró nínú ọkọ̀. Tàbí ọkùnrin tó lágbára, tó wà nínú omi látìgbà tí òṣùpá ti wọ̀, tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí iná tó rí lókèèrè, tí omi tó ń fà lọ sí ẹnu òkun sì ń gbé e padà sẹ́yìn. Agbára ènìyàn ní òpin, omi kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wù ìdóòlà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìlúwẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé nígbà tí apá bá kọ̀, tàbí tí ọkàn kò sí níbẹ̀ mọ́, kó gbé imú àti ẹnu sókè omi títí ẹlòmíràn yóò fi dé.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀sà wa kò jìn, pé ní ibi púpọ̀, bí ènìyàn bá dìde dúró, omi kò ju àyà rẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀ rí ni wọ́n ń wí. Àwọn tó ń wa yanrìn ti gbẹ́ ihò síbi tó jẹ́ pé lánàá, ẹ lè fi ọ̀pá ta ọkọ̀ kọjá níbẹ̀. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá jìn gan-an. Ẹrẹ̀ sì wà: ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé orúnkún, kò dúró lórí ilẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo máa ń gbọ́ ni pé ẹni tó bá wọ ẹ̀wù yẹn, ojo ni, wọn yóò fi ṣẹ̀sín ní èbúté. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ wo adẹ́mu. Láti kékeré ló ti ń gun ọ̀pẹ, ó mọ ọ̀pẹ bí ẹ ṣe mọ omi, síbẹ̀ kò jẹ́ gùn ún láìfi igbà kọ́ ìdí. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti pè é ní ojo. Bó bá gbàgbé igbà nílé, yóò padà lọ mú un, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò sì dúró dè é. Bí èmi bá láṣẹ ni, bí ojú wa ṣe rí igbà yẹn ni ì bá rí ẹ̀wù ìdóòlà ní gbogbo èbúté wa.

Ẹ̀sùn tó kù lòótọ́ ni, n kò sì ní jiyàn rẹ̀. Ooru ń mú nínú rẹ̀. Ó ń dí apá lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi àjẹ̀ tukọ̀. Àwọ̀n ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú èyí tí ẹ ń wí. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, tó nípọn bí ìrọ̀rí, tí wọ́n ń kó fún èrò ọkọ̀ ní jẹ́tì, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ni wọ́n rán an fún. Òun náà ni wọ́n ń kó wá fún apẹja nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílò oríṣi mìíràn: èyí tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ apá, tó kúrú dé ìbàdí, tí ara rẹ̀ dán tí kò ní okùn jàgàjìgì tí àwọ̀n lè kọ́. Ó wà lọ́jà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi ẹ̀wù ìdóòlà ta yín lọ́rẹ, ìjọba ni o, òṣèlú ni o, ìjọ ni o, ẹ sọ irú èyí tí ẹ fẹ́ fún un kó tó lọ ra á.

Nọ́ńbà kan máa ń wà lára ẹ̀wù náà: 50, 100, 150, tí lẹ́tà N sì tẹ̀ lé e. Agbára tó fi ń gbé ènìyàn léfòó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. 50 tó bí agbára kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí a dé pa láìsí nǹkan nínú rẹ̀. Ó wà fún ẹni tó mọ̀wẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ sì wà nítòsí rẹ̀. Bí ẹ bá ń pẹja lójú ọ̀sà tí omi rẹ̀ dákẹ́, tí ẹ sì máa ń jìnnà sí ara yín, 100 ló yẹ yín. Ẹ̀yin tó ń jáde lọ sójú òkun gbangba, 150 ni kí ẹ wá. Ẹ tún wo ìwọ̀n ara ènìyàn tí wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí ẹ̀wù ọkùnrin oníkílò 90 kò lè di ọmọ ọdún mẹ́wàá mú, ńṣe ni yóò bọ́ gba orí rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń tukọ̀ ní Mákòókó, wọ́n nílò tiwọn lọ́tọ̀. Kí fèrè wà lára rẹ̀, kí ọ̀já tó ń tàn nínú iná wà ní èjìká rẹ̀. Bí ọ̀já tí wọ́n ń fà gba àárín ẹsẹ̀ bá wà, ẹ má gé e dànù, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wù náà fò gun ojú nínú omi.

Ayédèrú pọ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2016, ọlọ́pàá ilẹ̀ Tọ́kì gba ẹ̀wù ìdóòlà ayédèrú tó ju 1,200 lọ ní iléeṣẹ́ kan ní ìlú Izmir. Àwọn tó ń sá kọjá òkun lọ sí Gíríìsì ni wọ́n ń tà á fún, ohun tí wọ́n sì kì sínú rẹ̀ ni irú fómù tí wọ́n fi ń di ẹrù, tó ń mu omi. Ẹni tó wọ irú rẹ̀, ó ra ìwúwo mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Nítorí náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu alágbàtà gbọ́. Ẹ gbé e lọ sí etídò, ibi tí omi dé ìbàdí, kí ẹnìkejì dúró tì yín. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ so ó, ẹ ká ẹsẹ̀ sókè. Bí ẹnu yín bá wà lókè omi láìjẹ́ pé ẹ ń ju apá, ó dára. Lẹ́yìn náà, ẹ di òkúta mọ́ ọn, ẹ rì í sínú garawa omi mọ́jú, kí ẹ tún un dán wò láàárọ̀. Èyí tó bá ti wúwo sí i, ẹ lọ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bí ẹ bá ti ní èyí tó dára, ẹ má jókòó lé e. Mo ti rí i níbi púpọ̀ pé tìmùtìmù ni ẹ̀wù náà ń dà nínú ọkọ̀. Ìdí ènìyàn ń tẹ fómù inú rẹ̀ pẹlẹbẹ díẹ̀díẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ má gbé e sítòsí epo bẹntiróòlù, ẹ má sá a sórí ààrò. Bí ẹ bá ti òkun dé, ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ sá a sí ibòji.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ wíwọ̀? Ọkọ̀ kì í ké sí ènìyàn kó tó dojú dé. Ìgbì ọkọ̀ ńlá kan kọjá, ẹni méjì jọ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gbé àwọ̀n, ó parí. Ẹ̀wù tó wà lábẹ́ ìjókòó yóò léfòó lọ ní tirẹ̀, ẹni tó ni ín yóò sì máa fojú wá a nínú òkùnkùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí ọkọ̀ wọn ga tó sì ní gbogbo ẹ̀rọ, ti sọ ọ́ dọ̀ràn-an-yàn láti oṣù Bélú 2018 pé kí apẹja wọ̀ ọ́ bó bá wà lórí ọkọ̀ ní gbangba, àfi bí olówó ọkọ̀ bá lè fi hàn nínú ìwé pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣubú sómi. Ta ló lè fi irú ìyẹn hàn nínú ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́?

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ so mọ́ òfin yìí, nítorí ẹ̀wù ìdóòlà ń fún ènìyàn láyè láti dúró de ìrànlọ́wọ́ ni. Bí ìrànlọ́wọ́ kò bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ńkọ́?

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ iná. Ọ̀pọ̀ apẹja ń jókòó sínú òkùnkùn biribiri. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ojú ibi tí ẹja wọn wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ńláńlá ń sá eré burúkú lórí ọ̀sà, òru kò sì dá wọn dúró bí òfin ṣe wí. Ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè rí pákó dúdú lórí omi dúdú. Ní oṣù Igbe 2024, nígbà tí òṣèré Jnr Pope kú sínú odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Anambra, ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo ayé kan ni pé kò wọ ẹ̀wù ìdóòlà. Ojúmọmọ ni ìyẹn o, ìròyìn sì sọ pé ọkọ̀ wọn kọ lu ọkọ̀ apẹja. Bí ọkọ̀ méjì bá lè pàdé báyìí lójú oòrùn, kí lẹ rò pé òru máa ṣe? Tọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n so mọ́ igi ní ìdí ọkọ̀, tó ń tàn yíká, tó. Bí ẹ kò bá fẹ́ tàn án ní gbogbo ìgbà, kó wà níbi tí ọwọ́ lè tètè kàn án nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì. Kí ọ̀bẹ mímú náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí àwọ̀n bá dì lè gé ara rẹ̀. Okùn àwọ̀n, kí ìdè rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ jẹ́ èyí tó ń tú bí ènìyàn bá fà á lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó ní ẹ́ńjìnì, okùn kékeré kan máa ń bá a wá láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, tí awakọ̀ ń so mọ́ ara, tó fi jẹ́ pé bó bá ṣubú, ẹ́ńjìnì yóò kú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti fi wáyà dí ojú ibẹ̀ pa. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà.

Ojú ọjọ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ mọ̀ pé ìjì wa sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá lọ sí ìwọ̀ oòrùn, pé láti oṣù Ẹrẹ́nà sí Ẹ̀bìbí, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ ní Owewe àti Ọ̀wàrà, ọ̀run lè mọ́ gaara kó sì dúdú láàárín ìgbà tí ẹ fi kó àwọ̀n kan tán. Àwọn ọmọ yín tó ní fóònù lè máa gbọ́ ohun tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, bá sọ ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó jáde. Ẹ fi ti wọn kún ti ojú yín, kí ẹ má pa ọ̀kan tì nítorí èkejì. Ìkùukùu ọyẹ́ náà ń bẹ, tó ń bo ojú omi láàárọ̀ tí ènìyàn kò fi rí imú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ kò tún gbọ́dọ̀ gbàgbé igi gẹdú tó ń já kúrò lára èyí tí wọ́n ń fà lọ sí ibi ìlagi, àti koríko ojú omi olódòdó àlùkò tó gba Àgbádárìgì wọlé wá bá wa ní 1984, tí kò tíì lọ títí di òní. Igi lè sùn sábẹ́ koríko yẹn kí ọkọ̀ yín gùn ún.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti dì í mú. Igi ni ọkọ̀ wa. Èyí tí kò ru ẹrù wúwo yóò máa léfòó bó tilẹ̀ kún fún omi, ojú sì tètè ń rí ọkọ̀ ju orí ènìyàn kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ torí pé ó rí iná èbúté, iná yẹn jìnnà ju bí ojú ṣe wọ̀n ọ́n lọ.

Kí ọkọ̀ méjì máa jáde pọ̀. Kí ìwé kan wà ní èbúté, ìwé ọmọ iléèwé lásán, tí ẹnìkan ń kọ orúkọ ẹni tó jáde sí, ibi tó lọ, àti ìgbà tó ní òun yóò dé. Bí àkókò yẹn bá kọjá, kí wọ́n má dúró di ọ̀sán kí wọ́n tó wá a. Kí fóònù wà nínú ọ̀rá tí wọ́n dì pa. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni.

Owó ńkọ́? N kò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé owó ni ìṣòro tó pọ̀ jù. Àwọ̀n ti gbówó lórí, epo ti gbówó lórí, ẹja sì ń dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ ní èsúsú, ẹ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹni kan tó lọ ra ẹ̀wù kan, iye tí wọ́n bá ní ló máa san. Èbúté tó lọ ra ogójì lẹ́ẹ̀kan náà lè dúnàá-dúrà. Ibi tí mo tún fẹ́ kí ẹ wò ni ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa tó ń ra ẹja, ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ àti láwọn ọjà yòókù. Ọ̀pọ̀ apẹja, owó wọn ló fi ra àwọ̀n àti ẹ́ńjìnì, tí ó wá ń fi ẹja san án padà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Kí owó àwọ̀n tí wọ́n bá máa yá ẹnikẹ́ni, kí owó ẹ̀wù ìdóòlà wà nínú rẹ̀, kó máa fi ẹja san án pọ̀. Bí omi bá gbé apẹja lọ, gbèsè náà bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé àwọn ìyá wa. Mo mọ̀ wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ló bí mi.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ NIWA àti LASWA, bí ìwé yìí bá kàn yín lọ́wọ́, ẹ̀bẹ̀ kúkurú ni tiyín. Ẹ wá jókòó pẹ̀lú àwọn bàbá wọ̀nyí, kí ẹ jọ kọ òfin tó mọ̀ pé òru ni apẹja ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí awakọ̀ eré dẹ ìrìn níbi tí àwọ̀n bá wà. Ẹ máa ka òkú apẹja kún òkú omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí a lè mọ èbúté tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 25 oṣù Agẹmọ sọ́tọ̀ láti 2021 fún ìdènà ikú omi. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí èbúté kọ̀ọ̀kan fi ọjọ́ yẹn dán ẹ̀wù ìdóòlà wò lọ́dọọdún. Kí gbogbo apẹja kó tiwọn wá sétí omi, àtàgbà àtọmọdé, kí ẹ wọ̀ ọ́ sódò níṣojú àwọn ìyàwó àti ọmọ yín, kí ẹ ya èyí tó ti bàjẹ́ sọ́tọ̀.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ìpàdé yín ń bọ̀, bóyá lọ́jọ́ tí ẹ kì í jáde lọ sódò. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìjókòó. Bí ẹ bá fẹnu kò lé e lórí, ọrùn yín ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ̀wù náà, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá rí i lọ́rùn olórí rẹ̀ kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín mọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí n wá ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè Òyìnbó, yálà ní Yorùbá tàbí kí n wá ẹni tó máa sọ ọ́ ní Ẹ̀gùn, ẹ ránṣẹ́ sí mi. N ó wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ẹlẹ́ja kan láti Ẹ̀pẹ́.